Kúlà olómi nínú ilé l'Àkúrẹ́: ṣé kí n rà á?

Táyọ̀ Ọbá-Ilé: Ẹ kú ooru o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra kúlà olómi yẹn, èyí tí wọ́n ń gbé sójú wíńdò tómi máa ń ṣàn lórí páàdì ẹ̀yìn ẹ̀, yàrá àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fi sí torí wọn ò rí oorun sùn lálẹ́ oṣù kejì sí ìkẹta, íńfátà mi ò dẹ̀ lè gbé éésì. Ẹni tó ń tà á ní kò ju 150 wáàtì lọ, pé á tutù bí éésì. Ṣé òótọ́ ni?

Adé Kánò: Rà á jàre! Kánò ni mò ń gbé, òun la fi ń sùn tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àwa ò ronú éésì mọ́.

Rẹ́wáyà Ìjòkà: Bọ̀dá Adé, ẹ má bínú, Kánò yàtọ̀ sí Àkúrẹ́. Omi tó ń gbẹ lára páàdì ló ń gba ooru lára afẹ́fẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá ti rin tẹ́lẹ̀ omi ò ní gbẹ, kí ló fẹ́ tutù? Tí ooru bá jẹ́ 35°C tí ọ̀rinrin jẹ́ 20%, bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ yín, kúlà tó dáa á fẹ́ nǹkan bíi 22°C síta. Kó wá jẹ́ 32°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 70%, bíi 28°C náà lẹ máa rí, ara á tún máa lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Lásìkò òjò ńkọ́? Fáànù olómi lásán ni.

Mama Ọjà Ọba: Tèmi ń ṣiṣẹ́ o. Àìsì blọ́ọ̀kù ni mò ń jù sínú táǹkì ẹ̀, mo dẹ̀ ń ti gbogbo wíńdò pa kí òtútù má baà jáde.

Rẹ́wáyà Ìjòkà: Mama, ẹ ṣí wíńdò yẹn, ẹ dákun. Omi tó ń gbẹ yẹn, inú yàrá ló ń kó sí, tí kò bá ríbi jáde, láàárín wákàtí díẹ̀ yàrá á rin gbindin, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í hu èébu. Àìsì yẹn náà, tó bá ti yọ́ tán ó parí nìyẹn, ẹ tún fi iná dì í nínú fírísà.

Adé Kánò: Àmọ́ tí ọyẹ́ bá dé ńkọ́? Àkúrẹ́ náà máa ń gbẹ.

Rẹ́wáyà Ìjòkà: Ìyẹn tọ́, ọ̀sán ọyẹ́ á dáa gan-an. Ṣùgbọ́n alẹ́ oṣù kejì sí ìkẹta ni Táyọ̀ ń sọ, òòrùn ti padà, afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbé ọ̀rinrin bọ̀. Táyọ̀, kóo tó náwó, ki òwú bọmi, fi wé ìdí tẹmómítà onígíláàsì, gbé e síwájú fáànù. Ibi tó bá wálẹ̀ sí, kò sí kúlà olómi lásán tó máa tutù kọjá ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì FUTA: Ẹ tún rántí ẹ̀fọn! Wọn ò kì í da omi táǹkì nù, ó ń dúró síbẹ̀. Omi bòrìhóòlù wa náà máa ń fi nǹkan funfun lé páàdì lórí títí táá fi le gbagidi. Táǹkì 40 lítà, 40 kílò lomi nìkan, ẹ má fi ìṣó kan ṣoṣo gbé e kọ́ ògiri níbi tọ́mọ ń sùn.

Táyọ̀ Ọbá-Ilé: Ọ̀gá, mo ti fi òwú dán an wò lálẹ́ yìí. Tẹmómítà ní 31, pẹ̀lú òwú ó dúró sí 27.

Rẹ́wáyà Ìjòkà: Ṣé o ti rí i? Digíríì mẹ́rin, kúlà ò dẹ̀ ní mú gbogbo ẹ̀. Ra fáànù ẹlẹ́sẹ̀ tó lágbára, kóo sì wo òkè sílìn yẹn, páànù tó ti gbooru látàárọ̀ ló ń tú u sórí àwọn ọmọ lálẹ́. Jẹ́ kí káfíńtà ṣí ihò atẹ́gùn síbẹ̀ lápá méjèèjì, kó fi nẹ́ẹ̀tì dí i.

Táyọ̀ Ọbá-Ilé: Ẹ ṣé gan-an. Mo máa pe káfíńtà láàárọ̀.

Mama Ọjà Ọba: Mo ti ṣí wíńdò o, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa rí.