Ojútì ló ń lé wọn jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi mọ́ pé ará Amẹ́ríkà kì í bìkítà fún ẹnu aládùúgbò.

Bí ìdìbò wọn bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àwọn atúpalẹ̀ orí rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye dọ́là tí olùdíje ná sórí ìpolówó, bí ẹni pé ibẹ̀ lọkàn olùdìbò ti ń yí padà. Àwọn onímọ̀ òṣèlú méjì, Joshua Kalla àti David Broockman, ti kó ìwádìí 49 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2018. Nínú ìdìbò gbogboogbò, ẹ kan ilẹ̀kùn o, ẹ polówó o, iye ẹni tó ń tìtorí ẹ̀ fi olùdíje kan sílẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí òdo. Alátìlẹ́yìn olùdíje tó ń sùn nílé ni wọ́n lè jí kó lọ dìbò.

Báwo la ṣe ń jí i? Ṣáájú ìdìbò abẹ́lé oṣù kẹjọ ọdún 2006 ní ìpínlẹ̀ Michigan, àwọn onímọ̀ òṣèlú mẹ́ta, Alan Gerber, Donald Green àti Christopher Larimer, mú nǹkan bí 180,000 ilé, wọ́n ṣẹ́ gègé láti pín wọn. Bíi 100,000 kò gba nǹkan kan: ìdá 29.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde dìbò. Àwọn 80,000 yòókù gba lẹ́tà ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oríṣi mẹ́rin, 20,000 ilé fún oríṣi kan. Èyí tó kàn ní kí wọ́n ṣe ojúṣe ọmọ ìlú mú un dé 31.5. Gbogbo ìyànjú tí à ń gbà wọ̀nyẹn, kò tó ìdá méjì! Èyí tó ní àwọn onímọ̀ ń wò bóyá wọ́n á dìbò, 32.2. Èyí tó to orúkọ ará ilé, tó sọ ẹni tó dìbò lọ́dún 2004 àti ẹni tí kò dì, 34.5.

Ìkẹrin ló pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n to orúkọ aládùúgbò mọ́ ọn: lágbájá dìbò, làkásègbè kò dì. Wọ́n tún ní bí ìdìbò bá parí, àwọn á fi òmíràn ránṣẹ́ kí kálukú lè rí ẹni tó jáde. Ìdá 37.8! Wọn ò sì tú àṣírí kankan. Ẹni tó o dìbò fún ni àṣírí níbẹ̀. Pé o jáde tàbí o ò jáde, ó wà nínú ìwé ìjọba tí olóṣèlú lè rí gbà.

Ọwọ́ olóṣèlú ló ti wá di nǹkan mìíràn. Lọ́dún 2016, àwọn tó ń polongo fún Ted Cruz, tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, kọ "ìrúfin ìdìbò" sórí lẹ́tà, wọ́n fún ará Iowa àti aládùúgbò rẹ̀ ní máàkì F bí ọmọ iléèwé tó fìdí rẹmi. Àfi ìgbà tí Paul Pate, akọ̀wé ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó ìdìbò, jáde sọ pé kò sí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú òfin wọn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò mọ́ o: lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí láti Stanford àti Dartmouth lẹ èdìdì ìpínlẹ̀ Montana mọ́ bíi 100,000 lẹ́tà ìdìbò bí ẹni pé ìjọba ló kọ ọ́, àwọn ọ̀gá yunifásítì méjèèjì ló wá tọrọ àforíjì.

Tẹ́lẹ̀, èmi gbà pé ohunkóhun tó bá gbé èèyàn kúrò nílé lọ síbi ìdìbò dára. Látìgbà tí mo ti rí lẹ́tà Iowa yẹn, ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ mọ́. Cruz náà ló sì wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iowa.