Ọmọ ẹni tí wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń yún mi lẹ́nu láti ọjọ́ Sátidé. Mo tún ka Five Little Pigs, ìwé ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Agatha Christie kọ ní 1942, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Nígbà àkọ́kọ́, ta ló pààyàn nìkan ni mò ń wá kiri. Ní báyìí tí mo ti mọ̀ ọ́n (mi ò ní sọ ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀), ohun mìíràn ni ojú mi rí: ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló jẹ́ kí wọ́n tún ẹjọ́ àtijọ́ inú ìwé náà gbé dìde.

Ayàwòrán kan, Amyas Crale, kú sídìí àwòrán tó ń yà lọ́wọ́ nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Májèlé ni, inú bíà ni wọ́n bù ú sí. Wọ́n mú Caroline ìyàwó rẹ̀, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó gba ẹ̀wọ̀n gbére, kò sì pẹ́ lẹ́wọ̀n tó fi kú. Ọmọ wọn obìnrin kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Kánádà, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún 21 ni wọ́n tó fi lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́, tí ìyá rẹ̀ ti kọ sílẹ̀ dè é: òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọmọ yìí sì ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ló bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Hercule Poirot lọ, ọdún 16 lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bí òun àti ọkọ bá jà lọ́jọ́ kan, ọkọ lè wo ojú òun kó rántí májèlé.

Ta ni nínú wa ni kò ní yé? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ lọ́kọ, ìyá àgbà méjì nílé wa wọkọ̀ lọ sí ìlú ọmọkùnrin náà, wọ́n ní epo pupa làwọn wá rà. Wọ́n ń ná epo lọ́jà, wọ́n ń bi àwọn èèyàn léèrè: agbo ilé báyìí ńkọ́? Ṣé wọn kì í ya wèrè níbẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Ta ló kú ikú òjijì, kí ló sì pa á? Wọ́n gbé epo dé ní tòótọ́ o, gálọ́ọ̀nù méjì, ṣùgbọ́n ìròyìn tí wọ́n mú bọ̀ ju epo lọ. Nígbà tí mo rí i tí Poirot ń ṣe bíi pé ìwé kan lòun fẹ́ kọ, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn lè tú ohun tí wọ́n mọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ó kàn jẹ́ pé kò ra epo ni.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ láti yẹ̀ wò mọ́, kò sí ipa ẹsẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí ẹni márùn-ún tó wà nílé lọ́jọ́ náà kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Ọ̀kan kórìíra Caroline títí dòní, ọ̀kan ṣì ń káàánú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì ta kú pé kò lè ṣe é láéláé. Obìnrin kan ṣoṣo, ó di obìnrin márùn-ún lẹ́nu wọn. Ibí yìí ni ìwé náà ti dùn jù.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé ìtàn ẹjọ́ àtijọ́ tó wà níta báyìí fi máa ń sú mi. Ẹ óò kà á dé ojú ewé igba, èsì DNA á dé, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o, DNA gan-an ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn ìyá elépo yẹn. Joseph James DeAngelo, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí ní California tó pa èèyàn 13, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Àwọn ìbátan tó jìnnà sí i ló tú u síta láìmọ̀. Wọ́n fi DNA apààyàn náà wé ti àwọn tó ti fi tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tọ ìdílé kiri láti orí baba ńlá títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2018. Ó ti di ẹni ọdún 72. "Ọmọ ta ni ẹ́? Agbo ilé wo?" Ìbéèrè kan náà ni.

Nílé wa ńkọ́? Ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986 ni bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa akọ̀ròyìn Dele Giwa ní Ìkẹjà. Oṣù Kejì 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá tún pàṣẹ kí ìjọba wádìí rẹ̀. Ọdún 37 kọjá láàárín méjèèjì! Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn lè ti lọ́mọ tó ń lọ yunifásítì.

Òǹkọ̀wé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fún wa ní Lápàdé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ láti 1969, a ti mọ̀ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè gbọ́ Yorùbá yé. Èyí tí mo wá ń fẹ́ kà ni ti ẹjọ́ tó ti pẹ́, kó má sì bẹ̀rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá rárá. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá àgbà méjì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù epo kalẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní fọmọ fún ilé yẹn, wọn kò sì sọ ìdí. Ọmọkùnrin náà á wá lọ wá ìdí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́, mo ti fún un.