Iná orí ò tíì tán: ọ̀rọ̀ àwọn aboyún Sàró

Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná tó ń jẹni lórí ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe iná ìdáná. Béèyàn pa mẹ́wàá lónìí tó wá lọ fọwọ́, èyí tó kù á yé ẹyin mọ́jú. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá gbọ́ táwọn èèyàn ń yin Sierra Leone, Sàró táwọn baba wa ń pè, pé ikú aboyún ti wálẹ̀ níbẹ̀.

Ó wálẹ̀ lóòótọ́. Ní 27 April 2010 ìjọba Ernest Bai Koroma ní káwọn aboyún, àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú àtàwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 má sanwó mọ́ ní ọsibítù ìjọba, wọ́n sì fowó kún owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, torí ta ló máa fi ebi tọ́jú èrò tó máa ya wọlé? Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe ní 2013 ṣì gbé ikú aboyún sí 1,165 ìyá nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ṣùgbọ́n irú ìwádìí yẹn máa ń ka bí ọdún 7 sẹ́yìn mọ́ ọn, ìyà àtijọ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ti 2019 já sí 717, Ebola 2014 sì wà láàárín ẹ̀ o, nígbà táwọn aboyún ń sá fún ọsibítù, táwọn tó yẹ kó gbẹ̀bí fún wọn gan-an ń kú.

Àmọ́ iná ṣì wà lórí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ á ti ké, wọ́n á ti máa yọ̀ lóde, ìyá á wà ní yàrá tẹ́jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, láàárín wákàtí méjì péré ó lè ti kú. Ọ̀fẹ́ nìkan ò lè dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró. Abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ sún kì ló ń dá a dúró, inú fíríìjì ló sì yẹ kó wà, fíríìjì náà ń fẹ́ mànàmáná, ibẹ̀ gan-an ni kí ìjọba máa náwó sí.

Èyí tí mi ò fara mọ́ ni òfin tí wọ́n ṣe láwọn abúlé kan, pé ẹni tó bá bímọ sílé á san owó ìtanràn. Mo mọ ohun tí wọ́n rò, wọ́n fẹ́ kó lọ sọ́sibítù ni, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ń bọ̀ lóru, nínú òjò, tí ọ̀nà ò ṣe é gbà, tí ọ̀kadà ò sí, ẹ̀bi ta ni?

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń rọbí. Kí oyún tó wọ oṣù 8, ẹ ti mọ ẹni tó máa gbé yín lóru, kẹ́ ẹ sì ti wá èèyàn méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tìyàwó yín mu tí wọ́n ti gbà láti fún un, torí ẹbí náà ni wọ́n máa ń ní kó wá ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ gba nọ́ńbà wọn sórí fóònù, kí ìyàwó náà ní in sọ́wọ́.