Mọ́tò bá ti kọ̀, ẹ á ní brain box ló kú!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti réwáyà Àbújá yìí, ta ló sọ fún yín pé mọ́tò tó bá ti kọ̀ tí kò sitáàtì, brain box ẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló kú? Láàárọ̀ yìí ni bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì mi tún pè mí, ojú ò tiẹ̀ tì í, "Mọ́mì, èyí tá a rà yẹn náà ti lọ o, ẹ tún fi nǹkan ránṣẹ́ ká wá òmíràn." Òmíràn kẹ̀! Ṣé báńkì ni bàbá mi kọ́ sílẹ̀ fún mi ni?

Ẹ ṣáà mọ bí oòrùn ibí ṣe máa ń rí nínú oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ọ̀nà Kubwa ni mo wà, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, AC ń fẹ́ jẹ́jẹ́, àfi wìì, mọ́tò kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò mú. Tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi bíi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ wá tẹ́ ẹní síbẹ̀. Àwọn ọmọ Hausa tó ń ta ọ̀sàn létí títì ló sáré wá bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, "sannu Hajiya, sannu", Ọlọ́run á bù kún wọn, àwọn ọ̀gá ńlá tó jókòó sínú jíìpù ò tiẹ̀ yí gíláàsì wálẹ̀ kí wọ́n bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ti owó táwọn tó ń fi ọkọ̀ wọ́ mọ́tò gbà lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fìyẹn sílẹ̀ ná.

Bọ̀ọ̀dá yìí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, òun ló máa ń bá mi tún mọ́tò ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́. Ó pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣe síkáànì, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ brain box wò. Ọmọ yẹn dé, ó ki nǹkan kékeré kan bọ abẹ́ sitíárìn, ó ń wo fóònù, fóònù ní òun ò rí brain box bá sọ̀rọ̀, ló bá mi orí bíi dókítà tó fẹ́ kéde òkú. "Ó ti kú." Ó tán! Kò wọn bátìrì, kò ṣí fíúsì kankan wò, wáyà earth tó dè mọ́ ara mọ́tò, kò fọwọ́ kàn án. Ó gba owó síkáànì, ó gun ọ̀kadà ẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́, síkáànì kì í ṣe babaláwo. Kódù, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí brain box kọ sílẹ̀, ló ń kà. Kódù bíi P0606 lè máa bá brain box fúnra ẹ̀ wí lóòótọ́, àmọ́ tí síkáànì ò bá rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ rárá, ó lè jẹ́ fíúsì kan ló jó, ó lè jẹ́ rílé tó ń tan iná sí i, ó lè jẹ́ earth ló ti dípẹtà. Ẹ máa yẹ ìyẹn wò ná! Àní kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò!

Mi ò ní brain box kì í kú o. Lọ́dún 2010 Toyota pe Corolla àti Matrix tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn tọdún 2005 sí 2008, torí pé ibi tí wọ́n fi òjé lẹ̀ nínú brain box wọn lè sán, kí mọ́tò kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe Corolla, kò sì sẹ́ni tó yẹ nǹkan kan wò kó tó pè é lókùú.

A lọ ra tòkunbọ̀. Mo ní nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ ò bá ti tèmi mu, wọ́n ní ó jọra. Ó jọra! Ẹni tó ń tà á ní ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà, ọjà iná, kò sí ìdápadà. A gbé e dé, iná kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, brain box ò mọ kọ́kọ́rọ́ mi rí, ẹni tó máa fi wọ́n mọra tún gbowó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mọ́tò ṣiṣẹ́ wọ ìrọ̀lẹ́, ó tún kú. Láti ìgbà yẹn, dúróòpù ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń pe dúróòpù látìgbà tí bẹntiróòlù ti dà bó ṣe dà yìí, awakọ̀ kan tiẹ̀ tún ń bá mi jà pé mo ti ilẹ̀kùn gbàmù.

Ìpè àárọ̀ yìí ló wá bí mi nínú tí mo fi lọ gbé bàbá kan láti Kugbo, ará Ìlọrin, àgbà réwáyà. Bàbá ò mú fóònù kankan jáde. Mítà ló mú wá. Ó ní àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà, àwọn nǹkan kékeré tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń lọ fún brain box, tó jẹ́ iná fóòtì (volt) 5 ni brain box máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn, ó fi ẹnu mítà kan wáyà wọn, kò sí fóòtì 5, bí òdo ló rí. Ó ní wáyà kan ń jo sílẹ̀ níbì kan, ìyẹn ni brain box ṣe panu mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ ọ́, ó ń wo mítà. Nígbà tó yọ ti AC níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ radiator, fóòtì 5 padà wálé! Ẹ wá wo wáyà tó ti ara sẹ́ńsọ̀ yẹn jáde: ó ti ń ha ara irin, awọ ẹ̀ ti bó, bàbà pupa hàn síta. Wáyà kan ṣoṣo! Ó fi téèpù dì í, ó fi rọ́bà bò ó, mọ́tò mú lẹ́ẹ̀kan. Owó oúnjẹ ọ̀sán ló gbà lọ́wọ́ mi.

Mo ní ó dáa, kí bọ̀ọ̀dá gbé brain box mi àtijọ́ wá, torí kò sóhun tó ṣe é. Ó ń họrí. Ó ní òun ò mọ ibi tóun kó o sí. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ ò mọ àdúró ló ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe èyí tá a fi sí mọ́tò Alhaji yẹn ni?"

Hẹ̀n-ẹ́n! Òkú brain box mi wà lára mọ́tò Alhaji, ó ń sáré káàkiri Gwarinpa! Ẹ ti tà á! Èmi wá ń ra ayédèrú ní ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún!

Ẹ bá mi sọ fún un, mo fẹ́ brain box mi tàbí owó mi, mi ò fẹ́ "ẹ máa bínú Mọ́mì". Kí ìjọba sì bá wa ṣòfin: mẹkáníìkì tó bá ní brain box kú, kó yọ ti mọ́tò tiẹ̀ fún mi dì mú títí tèmi á fi sitáàtì. Tí kò bá ní mọ́tò, kó yọ ti àna ẹ̀ wá.