Ẹ Kú Oríire Ojú Tuntun

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ojú tuntun wọ̀ láàárọ̀ yìí kí ẹ tó bomi bọ́ èyí tí ẹ fi sùn. Ẹ̀mí á lò ó!

Eré la kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí áàpù Snapchat gbé fílítà ojú, ohun tó ń yí ojú ẹni padà nínú kámẹ́rà fóònù, jáde ní 2015, òṣùmàrè ń tú jáde lẹ́nu wa, a ń rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé wọ́n ń wọn ojú wa ni. Òṣùmàrè ti wábi gbà, ẹwà ló jókòó síbẹ̀. Fílítà á wá ṣóńṣó imú rí, á wá igun ètè rí, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á: ẹyinjú á tóbi, imú á tẹ́ẹ́rẹ́, awọ á dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ti fílítà Bold Glamour tó dé orí TikTok ní 2023 tún burú: bí o fọwọ́ gba iwájú ojú kọjá, kò yẹ̀. Ìyá, ọmọ, ọ̀rẹ́, ọ̀tá, gbogbo wọn wá jọra bí ọmọ bàbá kan. Bẹ́ẹ̀, fóònù tó ń pín ojú tuntun yìí, ojú àtijọ́ ló ń bèèrè kó tó ṣí fún ẹni tó ni ín.

Ọlọ́jà sì ni fóònù. Ìwádìí kan ní 2018 fi hàn pé bí o bá ya ara rẹ láti ẹsẹ̀ bàtà 1, imú rẹ á fẹ̀ tó ìdá 30 nínú 100 ju bó ti rí láti ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Kámẹ́rà sọ imú di ńlá, ó tún wá gbé oògùn imú kalẹ̀. Ta ló kọ́ ọ?

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn dókítà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ojú ṣe ń ké pé tẹ́lẹ̀, àwòrán gbajúmọ̀ òṣèré làwọn oníbàárà máa ń gbé wá. Ní báyìí, àwòrán ara wọn tí fílítà ti tún ṣe ni. “Ẹ bá mi ṣe mí bí èmi.” Ìlara ọ̀hún ti kúrò lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó ti wọlé.

Norway ti fi òfin sí i láti 2022: ìpolówó tí wọ́n bá ti tún ara tàbí awọ èèyàn inú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní àmì. Ó dáa. Àmọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, kí wọ́n yáa wá àmì fún àwa tó kù, kí ihò ara àti irun imú wa má baà dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.