Ẹni mẹ́rin tó mọ orin kò tíì di ikọ̀

"Ẹ sáà wá mẹ́rin tó mọ̀ ọ́n jù, ẹ kó wọn sí yàrá kan, string quartet ti délẹ̀ nìyẹn." Ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó kọ́ṣẹ́ orin. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ ti string quartet, ìyẹn ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ń ta fáólìn méjì, fìólà kan (ó tóbi díẹ̀ ju fáólìn lọ) àti sẹ́lò kan (èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń jókòó ta), kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo yíyí okùn lásán, ìyẹn fífà á le tàbí dídẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè tọ̀nà. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe ohùn orin. Okùn tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù lára sẹ́lò ni C. Èyí tó ròkè jù lára fáólìn ni E. Ká ní gbogbo wọn gba ohùn A lọ́wọ́ ẹnì kan, kálukú wá fi etí ara rẹ̀ yí okùn yòókù títí ohùn wọn fi mọ́ kedere. Kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Àmọ́ kí sẹ́lò ta C yẹn láìfi ìka tẹ̀ ẹ́, kí fáólìn náà ta E lé e lórí, ẹ ó gbọ́ bí ohùn méjèèjì ṣe ń ta kora. E á ga jù, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnì dùùrù méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́. Ìyẹn tó láti ba orin jẹ́. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń dín àlàfo tó wà láàárín ohùn okùn kan sí ìkejì kù díẹ̀ kí C lè gòkè wá pàdé E. Ẹni tí etí rẹ̀ mú jù ló sábà máa ń ṣòro fún láti gbà.

Kò sí adarí orin níwájú wọn, ta ló wá ń sọ pé ó yá? Ẹ jókòó sí ìlà iwájú kẹ́ ẹ tẹ́tí: ẹ ó gbọ́ bí ẹnì kan ṣe fi imú fa èémí. Bó ṣe yára fà á ni orin ṣe máa yára. Àwọn ọ̀dọ́ lè fi odindi òwúrọ̀ kan kọ́ èémí yẹn nìkan.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ń ta fáólìn àkọ́kọ́ ni ọ̀gá títí ayé. Nínú Emerson String Quartet, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976 tó sì tú ká ní 2023, ńṣe ni àwọn méjì tó ń ta fáólìn, Eugene Drucker àti Philip Setzer, máa ń gbàpò ara wọn.

Ti ìdíje wá ńkọ́? Ìdíje Banff ní Kánádà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, wà lára èyí tó lórúkọ jù. Ẹni tó bá gbẹ̀bùn níbẹ̀ á rí ìpè gbà láti wá ṣeré, àmọ́ ìpè kì í ṣe owó oṣù. Ikọ̀ Takács, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní Budapest ní 1975, rí ibùdó sí yunifásítì Colorado ní Boulder, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ikọ̀ ró, torí owó alẹ́ kan, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa pín in sí, lẹ́yìn tí aṣojú wọn bá ti yọ tiẹ̀. Wọ́n á tún wọkọ̀ òfuurufú, èèyàn mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún: sẹ́lò ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.