Àtúnṣe: Ẹ Má Da Epo Sínú Pachinko

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàrin àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe l'Óṣogbo: bí bọ́ọ̀lù bá ń há nínú pachinko, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ àtijọ́ ti Japan, ká da epo sí i. Irọ́ ni. Bọ́ọ̀lù irin náà, tó fẹ̀ tó mílímítà 11, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń mú un já bọ́. Epo á kàn gbá eruku ọyẹ́ jọ, á di ẹrẹ̀ dúdú lẹ́yìn ẹ̀rọ níbi tí bọ́ọ̀lù èrè, èyí tí ẹ̀rọ ń san fún ẹni tó bá jẹ, ń tò sí, wọn ò sì ní sọ̀ mọ́.

Ẹ kó bọ́ọ̀lù jáde, ẹ fi omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, ẹ nù wọ́n gbẹ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n má baà dípẹtà. Bẹntiróòlù ńkọ́? Ó lè ba ọ̀dà ojú pátákó jẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan péré, ìdí irin tá a fi ń ta bọ́ọ̀lù ni kó mọ.